NLR Méjì Tí Mo Sanwó Fún: Irúgbìn Tòmátì VFNT àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Àmì Jẹjẹrẹ

Ọjà méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn lè rò pé wọn kò bá ara wọn tan rárá. Ọ̀kan ni páàkì irúgbìn tòmátì tí mo rà ní N4,500 lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ohun èlò àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ lẹ́tà VFNT sí abẹ́ orúkọ irú tòmátì náà. Èkejì ni àkópọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan nínú ìlú kan náà ń tà ní N52,000, tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò àmì jẹjẹrẹ, tí lẹ́tà NLR sì wà lókè téńté ìwé èsì rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé àyẹ̀wò náà, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó ta irúgbìn fún mi, nítorí irú ọjà méjèèjì pọ̀ lóde báyìí, ohun tí mo sì rí lọ́dọ̀ wọn, ẹlòmíràn lè rí i lọ́dọ̀ ẹni tó yàtọ̀ pátápátá.

Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló so wọ́n pọ̀. Mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń dá oko ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń ka ohunkóhun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ NLR. Orúkọ agbo ilé ńlá kan ni, láàárín àwọn purotéènì tí ń ṣe alóre nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, tí wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán bóyá ọ̀tá ti wọlé. Nígbà tí mo wá rí lẹ́tà kan náà lórí èsì ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ará láàbù ti wá jíìnì tòmátì dé inú iṣan mi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí àlàyé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì: nínú ẹ̀jẹ̀, NLR jẹ́ iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí a ń pè ní neutrophil, tí a fi iye èyí tí a ń pè ní lymphocyte pín. Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti irúgbìn, nítorí oṣù mélòó kan ṣáájú àyẹ̀wò ni mo ti rà á. Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún ọ̀tá mẹ́rin tí tòmátì náà ní agbára láti kọ̀. V dúró fún Verticillium, F sì dúró fún Fusarium, àwọn méjèèjì jẹ́ ìbátan olú, wọ́n sì máa ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, wọn a wá dí ọ̀nà omi nínú igi tòmátì títí tí yóò fi rọ. N dúró fún àwọn aràn tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tí ń sọ gbòǹgbò di kókó-kókó. T dúró fún fáírọ́ọ̀sì tí ń kọ ewé tábà àti ewé tòmátì lábàwọ́n. Ohun tí páàkì kò sọ ni pé alóre tó wà lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Èyí tó wà lẹ́yìn V kì í ṣe NLR. Ojú awọ sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí, bí ẹni tí a fi sí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó wà lẹ́yìn N, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mi-1, jẹ́ ojúlówó NLR, inú ilé gan-an ló sì ń gbé.

Tòmátì tí à ń jẹ kò ní Mi-1 látilẹ̀wá. Ara ìbátan rẹ̀ kan, tòmátì igbó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Solanum peruvianum, ni wọ́n ti mú un ní nǹkan bí ọdún 1944. Àwọn méjèèjì kì í sábà bímọ fún ara wọn, nítorí náà wọ́n ní láti yọ ọlẹ̀ jáde kúrò nínú irúgbìn tí kò tíì gbó, kí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò. Ó di ọdún 1998 kí wọ́n tó rí jíìnì náà gan-an, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹ ànfààní rẹ̀ bọ̀ tipẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wù mí láti sọ. Ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ojú lásán kò lè rí, a gba ṣóńṣó gbòǹgbò wọlé, a lọ sí àárín ibi tí omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá, yóò sì fẹ́ sọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ níbẹ̀ di òmìrán tí yóò máa bọ́ ọ títí ayé rẹ̀. Nínú tòmátì tó ní Mi-1, alóre inú sẹ́ẹ̀lì náà yóò fura, ohun tí yóò sì ṣe le gan-an: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí aràn fẹ́ jókòó tì yóò pa ara wọn. Aràn ti wọlé, ṣùgbọ́n kò bá oúnjẹ níbẹ̀, ebi ni yóò sì pa á.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì láàárín ewéko, nítorí ewéko kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ọmọ ogun tó lè rìn láti ẹsẹ̀ dé orí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi àwòrán hàn bí ọ̀kan nínú àwọn NLR wọ̀nyí, ZAR1 láti ara ewéko kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis, ṣe ń ṣiṣẹ́: bó bá ti mọ̀ pé ọ̀tá dé, márùn-ún nínú irú rẹ̀ yóò kó ara jọ bí àgbá kẹ̀kẹ́, wọn yóò sì gún awọ sẹ́ẹ̀lì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi hàn pé ojú ihò yẹn ni calcium ń gbà rọ́ wọlé, tí sẹ́ẹ̀lì sì ń gba ibẹ̀ lọ sí ikú rẹ̀. NLR kẹta kan tún wà nínú ara èèyàn, tó jọ ti ewéko ní ìrísí, tí òun náà sì ń ṣọ́ inú sẹ́ẹ̀lì. N kò sanwó fún ìyẹn, n ó sì fi í sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀.

Nínú irúgbìn àádọ́ta tí mo gbìn, mẹ́tàlélógójì ló hù, èyí tó dára fún irúgbìn tó ti jókòó sórí pẹpẹ ìsọ̀ fún ìgbà tí n kò mọ̀. Mo pín wọn sórí ebè méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fi koríko gbígbẹ bo ọ̀kan nípọn, mo fi èkejì sílẹ̀ lásán, nítorí koríko tí mo ní kò tó. Mo sì ní tẹmómítà àtijọ́ kan tí mo gbà ní láàbù ilé-ìwé wa nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o dànù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ní agogo méjì, mo tì í bọ inú ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Lórí ebè tí kò ní ìbora, ó ka ìwọ̀n 34 ti Celsius. Lábẹ́ koríko, ó ka 28.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mi-1 kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ooru ilẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n 28. Alóre náà kò kú, ó kàn sùn ni, aràn yóò sì wọlé wá jókòó bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Jíìnì tábà kan tí wọ́n ń pè ní N, tó yàtọ̀ sí N orí páàkì, tó sì wà lára àwọn NLR ewéko tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọdún 1994, ní àìlera yìí kan náà. Ẹni tó ń gbin tòmátì ní ilẹ̀ olótùútù lè gbé ayé rẹ̀ kó má mọ̀ nípa rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ̀n 28 kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ lásán ń pẹ́ kí ó tó kọjá. Nígbà tí mo hú àwọn igi náà ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, gbòǹgbò àwọn tó wà lórí ebè lásán dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, kókó tẹ̀ lé kókó. Àwọn tó wà lábẹ́ koríko ní díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní rárá. Ebè méjì kò tó ẹ̀rí tí a ó fi pe ara ẹni ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ìwé sọ mu, ó sì tó fún mi láti mọ ibi tí n ó gbin èyí tó kù sí.

Ẹjọ́ mi pẹ̀lú ẹni tó tẹ páàkì kò ju ẹyọ kan lọ: gbólóhùn kan nípa ooru ilẹ̀ ì bá wọ ẹ̀yìn páàkì náà, níbi tí wọ́n ti fi àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín kún gbogbo àyè. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á sì mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́rin kì í ṣe gbogbo ọ̀tá. Igi mẹ́ta rọ lójijì lórí ebè oníkoríko mi láàárín ọjọ́ méjì, tí ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo gé ìdí ọ̀kan, mo fi í sínú ife omi tó mọ́, kò sì pẹ́ tí okùn funfun bí omi ògì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti ojú ibi tí mo gé. Ralstonia nìyẹn, bakitéríà inú ilẹ̀, kò sì sí lẹ́tà kankan fún un lórí páàkì yìí. Kò sí lẹ́tà fún Tuta absoluta pẹ̀lú, kòkòrò tó run oko tòmátì ní Kàdúná ní ọdún 2016 tí àwọn èèyàn fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní Ebola tòmátì. Síbẹ̀, èso rẹ̀ dára, awọ rẹ̀ le díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́ sí ọbẹ̀, kò sì tètè bàjẹ́. Bí ẹ bá lè bo ilẹ̀ yín, ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ ilé àyẹ̀wò kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bọ́lá, ọmọ mi tó wà ní Houston, ló fi owó ránṣẹ́, ó sì ní, “Bàámi, ẹ lọ ṣe é, ẹ̀yin àti Bùọ̀dá kò tíì ṣe àyẹ̀wò láti ọjọ́ yìí.” Àbúrò mi ọkùnrin ló ń pè ní Bùọ̀dá, òun sì kọ̀ láti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló sọ pé òun yóò bá mi lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fa ẹ̀jẹ̀ yẹ ní ìyìn. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ṣí abẹ́rẹ́ tuntun níṣojú mi, ọmọbìnrin tó fà á sì rí iṣan mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà ṣe. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tíńtín onídèérí aláwọ̀ àlùkò, kò sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọra ń dojú rẹ̀ délẹ̀ tó sì tún ń gbé e dìde, mo kà á, ó tó ìgbà mẹ́jọ. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Bàbá, kí oògùn inú ẹ̀ lè kárí ni, kó má baà dì.” Ọmọ tó mọ ìdí ohun tó ń ṣe ni. Èsì dé sórí WhatsApp mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ibi tí ìyìn mi dúró sí nìyẹn. Lórí ojú ewé kìn-ín-ní, wọ́n ya igi gbọọrọ kan tó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, wọ́n sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí NLR mi bọ́ sí. Ó jẹ́ 0.8, ó wà nínú àwọ̀ ewé, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ewu jẹjẹrẹ mi kéré. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo rí i pé neutrophil mi jẹ́ 1.6, wọ́n sì fi pupa kọ ọ́ pé ó lọ sílẹ̀ jù, nítorí ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé ó yẹ ni 2.0 sí 7.0. Lymphocyte mi jẹ́ 2.0. Ẹ fi 2.0 pín 1.6, ẹ ó rí 0.8. Ohun kan náà tí wọ́n fi yìn mí ní ojú ewé kìn-ín-ní ni wọ́n fi bá mi wí ní èkejì. Nígbà tí mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù sọ pé ọmọ ogun ara mi kò tó, ó sì ní àwọn ní oògùn tó ń gbé wọn sókè, N15,000 fún oṣù kan. N kò rà á.

Ohun tí ó yẹ kí ilé àyẹ̀wò tó wà ní Ìbàdàn mọ̀ ju ti ìlú èyíkéyìí lọ ni pé iye neutrophil tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù, kò sì sí àìsàn nínú rẹ̀. Ojú sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn ará Yúróòpù ní alóre kan tí à ń pè ní Duffy, tí ń gba iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara wọn mú. Ojú sẹ́ẹ̀lì pupa tiwa kò ní in. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti mọ̀ pé irú ibà kan, vivax, ń lo Duffy bí ìlẹ̀kùn láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, pé àìsí ìlẹ̀kùn náà ló sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2009, ìwádìí lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àyípadà jíìnì kan náà ló ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré. Wọn kì í tètè kó àrùn ju ẹlòmíràn lọ nítorí rẹ̀. Àwọn Yorùbá ló sì jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà tí a fi mọ bí àyípadà yìí ṣe gbilẹ̀ tó: nígbà tí ètò HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti ka jíìnì àwọn èèyàn láti apá ibi mélòó kan lágbàáyé, Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní àyípadà yìí nínú wọn. Ìwé tí gbogbo ayé ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú yìí wà nínú rẹ̀, láàbù tó wà láàárín ìlú kan náà sì ń fi ìwọ̀n ibòmíràn dá wa lẹ́jọ́. Mo rántí tẹmómítà mi lójú ebè. Irúgbìn tí a ṣe fún ilẹ̀ olótùútù àti ìwọ̀n tí a ṣe fún ẹ̀jẹ̀ tó ní Duffy, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣìnà bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló dùn mí jù. NLR tirẹ̀ jẹ́ 6.0, ọfà náà sì wà ní ìparí pupa. Neutrophil rẹ̀ jẹ́ 6.6, lymphocyte rẹ̀ jẹ́ 1.1. Wọ́n fi èsì náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ ní agogo méje alẹ́ láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ ga. Ó pè mí ní agogo kan òru. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ṣé o ti sùn? Wọ́n ní mo ní jẹjẹrẹ.” Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ pé ó ní jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní òru, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe kà á.

Dókítà tó ń tọ́jú ikọ́ fée rẹ̀ wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, kò sì wo igi aláwọ̀ mẹ́ta náà rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: “Mama, ṣé ẹ ṣì ń mu prednisolone tí mo fún yín nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín?” Ó ṣì ń mu ún, ọjọ́ kẹrin nínú ọjọ́ márùn-ún ni. Oògùn náà máa ń lé neutrophil jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń dín lymphocyte kù níbẹ̀, ó sì lè fúnra rẹ̀ gbé ìṣirò yìí lọ sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi bá a. Ibà náà lè ṣe irú rẹ̀, nítorí lymphocyte a máa dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ibà bá mú èèyàn gan-an. Iṣẹ́ abẹ, oyún, egbò tó ń ṣọyún, kódà kí èèyàn sáré gan-an, gbogbo wọn ló lè yí i padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ti parí oògùn, a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán níbòmíràn: neutrophil 2.1, lymphocyte 1.9. NLR rẹ̀ ti di 1.1. Fọ́ọ̀mù tí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní ká kọ kò ní ìlà kankan fún oògùn tàbí ibà. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù àti ibi tí a ti gbọ́ nípa wọn ni wọ́n béèrè.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé NLR inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn. Àwọn dókítà ń lò ó ní ààyè rẹ̀. Dókítà kan ní Slovakia, Zahorec, dábàá rẹ̀ ní ọdún 2001 fún àwọn aláìsàn tí ipò wọn le gan-an, nítorí ó rọrùn, ó sì wà nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ gbà á lò. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí 100 pọ̀ ní ọdún 2014, tí àwọn aláìsàn inú wọn lé ní 40,000, ó hàn gbangba pé àwọn tí NLR wọn ga kì í sábà pẹ́ láyé tó àwọn tí tiwọn kéré. Ìdí tí wọ́n fi rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ yé mi: kókó jẹjẹrẹ a máa ránṣẹ́ sí ọ̀rá inú egungun pé kó tú neutrophil sí i jáde, àwọn lymphocyte sì wà lára àwọn tó lè dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀ kí wọ́n sì pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn tí wọ́n kà. Àwọn tí a ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ni gbogbo wọn. Ìbéèrè tí nọ́ńbà náà dáhùn ni bí àìsàn tí a ti mọ̀ ṣe lè lọ sí; bóyá ara ẹni tó ti ọjà dé láàárọ̀ yìí ní jẹjẹrẹ tàbí kò ní, kò sí nínú ohun tó mọ̀.

Ibẹ̀ ni NLR méjèèjì ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ náwó ronú sí i. Mi-1 inú tòmátì mọ ọ̀tá tó ń ṣọ́. Bí irú aràn tó wọlé kì í bá ṣe èyí tó mọ̀, kò ní dìde. Lymphocyte inú ẹ̀jẹ̀ wa náà ní alóre tirẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tò fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí èyí lè rí, tọ̀hún lè má rí i. Ṣùgbọ́n NLR tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé wa kò bi lymphocyte kankan léèrè ohun tó rí. Orí ló kà, bí ẹni tó dúró sí ẹnubodè tó ń ka iye ọlọ́pàá tó kọjá, tó wá ń sọ fún wa pé olè wà nínú ìlú. Bí ọlọ́pàá bá pọ̀ lójú pópó, ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ìbò, ó sì lè jẹ́ pé gómìnà ń kọjá.

Nípa ti owó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ní ilé àyẹ̀wò kan náà jẹ́ N7,000, neutrophil àti lymphocyte sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ NLR lè fi fóònù rẹ̀ pín in. Àwọn ohun mìíràn tó wà nínú àkópọ̀ náà, bíi PSA, èyí tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ prostate lára ọkùnrin, àti àyẹ̀wò kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, kí ó sì ṣe èyí tó kàn án nìkan. Inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán yìí náà ni dókítà ti lè kọ́kọ́ rí àpẹẹrẹ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fa ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń mu fún wọn, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, ẹ sọ bí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú yín, kí ẹ sì mú èsì àtijọ́ lọ́wọ́. Neutrophil 1.6 kò kọ mí lóminú mọ́, nítorí mo rí ìwé kan tí mo ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nígbà tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè: 1.7 ló wà níbẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò náà, mo sì kọ gbogbo èyí fún un. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn, ó ní ẹ̀rọ ló ń ya igi aláwọ̀ mẹ́ta náà, kì í ṣe àwọn, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọ̀rọ̀ oògùn ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, mo gba fọ́ọ̀mù kan wò. Wọ́n ti fi ìlà méjì kún un, ọ̀kan fún oògùn, ọ̀kan fún ibà. Ìwọ̀n neutrophil ṣì jẹ́ 2.0 sí 7.0, pupa náà sì ṣì wà níbẹ̀. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ọmọbìnrin tó fa ẹ̀jẹ̀ ní márùn-ún, mo fún àkópọ̀ àyẹ̀wò náà ní méjì, mo sì fún irúgbìn ní mẹ́rin. Èyí tó kù nínú páàkì wà nínú ìgò onídèérí nínú fíríìjì mi, n ó gbìn ín ní oṣù Kẹjọ, mo sì ti ń kó koríko jọ.